Iná DPD ń ṣẹ́jú, lọ́rì mi kò lè gun òkè Ẹ̀rìn mọ́. Ṣé kí n gé fíltà inú sàlẹ́ńsà yìí dànù?

Ọmọ_Ìbòdì · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ gba oorun lójú mi.

Isuzu NPR ni mò ń wà, tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà, ọdún 2009, ẹ́ńjìnì 4HK1 oní lítà 5.2. Agbègbè Iléṣà níbí ni mo ti ń fi ṣiṣẹ́: kòkó láti Ifẹ̀wàrà, pákó láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, nígbà míì búlọ́ọ̀kù láàárín ìgboro. Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti rà á, kò fún mi ní wàhálà àfi láti oṣù tó kọjá.

Iná kan wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ DPD sí. Tẹ́lẹ̀ ó máa ń tàn, á sì kú. Báyìí ó ń ṣẹ́jú láti àárọ̀ dalẹ́ ni, iná ẹ́ńjìnì náà sì ti bá a dá sí i. Lánàá mo gbé àádọ́ta àpò kòkó lọ sọ́nà Àkúrẹ́. Bí mo ṣe kan òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ọkọ̀ ní òun kò lọ mọ́. Mo tẹ tọ́tù kanlẹ̀, kò kọjá 30. Ọ̀kadà tó gbé èèyàn mẹ́ta àti ewúrẹ́ kan ń kọjá mi, ewúrẹ́ náà ń wò mí.

Mẹkáníìkì mi ní fíltà kan ló wà nínú sàlẹ́ńsà, pé ó ti dí, pé nǹkan òyìnbó ni, kò wúlò ní ilẹ̀ wa. Ó ní ká gé e, ká da inú rẹ̀ nù, ká wẹ́ẹ̀dì í padà. Ó tún ní òun mọ ẹni tí yóò ra ohun inú rẹ̀ lọ́wọ́ mi ní 120,000 náírà. Ibẹ̀ ni ara ti fu mí. Nǹkan tí kò wúlò, kí ló dé tó ti ní oníbàárà?

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹ́ńjìnì gan-an kò ní àbùkù. Kì í gbóná rárá. Géèjì omi kò kúrò nísàlẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń wà á, kódà nínú ọ̀sán gangan. Ó tutù bí omi àmù.

Wẹ́dà_Lágéré · 8:31 alẹ́

Bọ̀ọ̀dá, ẹ gé e. Kí lẹ ń rò sí? Mo ti gé irú rẹ̀ ju ogún lọ ní Ifẹ̀ níbí. Wákàtí méjì péré ni. A ó là á lẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó fi ọ̀pá irin gún ohun tó dà bí amọ̀ inú rẹ̀ jáde, a ó wẹ́ẹ̀dì í padà. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ kò ní mọ̀. Ìlú tí epo wọn mọ́ ni wọ́n ṣe nǹkan yẹn fún. Dísẹ́ẹ̀lì tí à ń rà nínú jẹ́ríkàn, ẹ̀yin náà ẹ wo àwọ̀ rẹ̀.

Bàbá_Tírélà · 8:50 alẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi kò mọ DPD. Nígbà tí mò ń wa 911 láti Iléṣà lọ sí Kánò, èéfín dúdú la fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ wà láyé.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ṣe ohun kan fún mi kí o tó sùn. Fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Wò ó bóyá ọ́ìlì ti gòkè ju ibi tí o dà á dé lọ. Lẹ́yìn náà, fi imú sí i. Bó bá ń rùn bíi dísẹ́ẹ̀lì, má gbé ọkọ̀ yẹn jáde lọ́la.

Ọmọ_Ìbòdì · 9:20 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì lọ síbẹ̀. Ọ́ìlì ti fi ìwọ̀n ìka kan ààbọ̀ kọjá àmì òkè. Òórùn dísẹ́ẹ̀lì ni, kò fara sin rárá. Èmi ti rò pé ẹni tó pààrọ̀ ọ́ìlì ló dà á jù. Kí ló fà á, ẹ jọ̀ọ́?

Rìwáyà_Sábó · 10:05 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ gbogbo ilé. Bọ̀ọ̀dá, ẹ má gé nǹkan kan. Ọ́ìlì tó ń pọ̀ yẹn ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Dísẹ́ẹ̀lì tó bá ń jó máa ń yọ dúdú, irú dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tí a gbé sórí iná igi. Fíltà yẹn, tí Isuzu ń pè ní DPD, ló ń gbà á dúró kó má baà jáde. Bó bá kún dé ìwọ̀n kan, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á fẹ́ jó o mọ́. Àmọ́ dúdú yẹn kì í ṣàdédé jó. Ó fẹ́ ooru bíi 550 sí 650 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èéfín ọkọ̀ tó ń rìn ní ìgboro kì í sì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọkọ̀ wá ń ṣe ni pé á tú dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ kún un lẹ́yìn tí iná inú sílíńdà ti jó tán. Epo yẹn á bá èéfín jáde, á lọ jó lórí kátálísìtì, ohun tó ń ran epo lọ́wọ́ láti jó, tó wà níwájú fíltà, fíltà á gbóná, dúdú á jó.

Bó bá parí, iná DPD á kú, kò sí ìjà. Ìjà bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ tí kì í parí. Ẹ gbéra ní Ìbòdì, ẹ dé Iléṣà, ẹ pa ọkọ̀. Ẹ tún gbéra, ẹ tún pa á. Díẹ̀ nínú epo tó ń tú yẹn á máa ṣàn gba ara ògiri sílíńdà wọ inú ọ́ìlì. Ìdí tí ọ́ìlì yín fi ń pọ̀ nìyẹn. Ohun tí Bàbá sọ kì í ṣe eré: ọ́ìlì tó ti lú mọ́ epo kò lè gbé bíárìn mọ́, bó bá sì pọ̀ jù, ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì lè máa fà á mu bí epo, á máa sáré fúnra rẹ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kò ní kú. Èmi ti rí i lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wa sá.

Lọ́la, ẹ wá ẹni tó ní sikánà tó lè ka inú ọkọ̀, kì í ṣe èyí tó kàn ń pa iná rẹ́. Kó sọ nọ́ńbà tó bá yọ fún yín. Kó ṣí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì, kó ka sẹ́ńsọ̀ tó ń fi kPa wọn ìyàtọ̀ ìtì èéfín, ìyẹn agbára tí èéfín fi ń tì, níwájú àti lẹ́yìn fíltà. 0 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà kó sítáàtì kó tún un kà. Kó sì bá mi wo bí omi ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó, lójú sikánà o, kì í ṣe lójú géèjì.

Akẹ́kọ̀ọ́_OAU · 10:40 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Rìwáyà ti sọ ọ́ tán, mo kàn fẹ́ sọ bí inú fíltà náà ṣe rí, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀pá irin tí wọ́n sọ lókè. Ó dà bí afárá oyin, ihò kéékèèké lọ bẹẹrẹ. Wọ́n dí ẹnu ọ̀kan níwájú, wọ́n dí ti èkejì rẹ̀ lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí, kí èéfín má lè là á kọjá tààrà. Àárín ògiri ló gbọ́dọ̀ gbà, ara ògiri sì ni dúdú ń lẹ̀ mọ́. Bí ọ̀pá bá ti kàn án, ó di ṣẹ́kẹ́rẹ́ nìyẹn.

Ní ti ẹni tó ń mú 120,000 bọ̀: pílátínọ́ọ̀mù àti paládíọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń kun kátálísìtì lára. Kì í ṣe àánú yín ló ń ṣe é.

Wẹ́dà_Lágéré · 10:52 alẹ́

Ọmọ ìwé, a kí ọ. Ẹ ṣáà máa kàwé lọ́hùn-ún, àwa tí a wà lábẹ́ ọkọ̀ la mọ ibi tó ń jó wa. Àwọn ọkọ̀ tí mo gé, wọ́n ń rìn.

Rìwáyà_Sábó · 11:03 alẹ́

Ọ̀gá Wẹ́dà, ẹ ṣe jẹ́jẹ́, àbúrò wa ni. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: lẹ́yìn tí ẹ bá gé e, ta ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé fíltà kò sí mọ́? Kò mọ̀ o. Á máa wo sẹ́ńsọ̀, á rí i pé ìtì iwájú àti tẹ̀yìn dọ́gba, á ní nǹkan ti bàjẹ́, á tan iná, á fún ẹ́ńjìnì lọ́rùn. Bó bá ti ka kìlómítà tó yẹ, á tún tú epo láti jó fíltà tó ti wà lórí àkìtàn. Àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń yí ètò inú rẹ̀ padà, àwọn tó ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ jù wọ́n lọ.

Àjò_Jámánì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:20 òru

Ọmọ Ìlọ̀ro ni mí, Jámánì ni mo ń gbé, gáréèjì ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Níbí, bí ẹ bá gé e, ọkọ̀ kò ní gba àyẹ̀wò. Láti oṣù July 2023, wọ́n ń ti ẹ̀rọ bọ ẹnu sàlẹ́ńsà dísẹ́ẹ̀lì ìgbàlódé láti ka iye hóró dúdú tó ń jáde. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ka nǹkan kan ní Iléṣà. Ẹ̀dọ̀fóró yín sì ń kà á ṣá: láti 2012 ni ẹ̀ka àjọ WHO tó ń rí sí jẹjẹrẹ ti fi èéfín dísẹ́ẹ̀lì sí ipò kìíní lára ohun tó ń fa àrùn náà.

Mo fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ epo. Òótọ́ ni pé imí-ọjọ́ inú dísẹ́ẹ̀lì ń ba kátálísìtì jẹ́. Ìwọ̀n tí òfin Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ láti 2006 jẹ́ 15 ppm, ìyẹn ìdá 15 nínú mílíọ̀nù kan, ọkọ̀ yín sì ni wọ́n ṣe fún irú epo yẹn. Ìlànà ECOWAS sọ 50 ppm fún èyí tí wọ́n bá kó wọlé láti 2021. Epo tó wà nínú jẹ́ríkàn lẹ́bàá ọ̀nà, òfin wo ló kàn án? Ibùdó epo tó ń tajà dáadáa ni kí ẹ ti máa rà.

Ọ́ìlì ńkọ́? Irú èwo lẹ ń dà sí i? Ọ̀rọ̀ pàtàkì ni mo fi ń bi yín.

Ọmọ_Ìbòdì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:47 ọ̀sán

Mo ti dé o. Ọmọkùnrin kan lẹ́bàá ọjà Àtàkúnmọ̀sà ló bá mi kà á.

Nọ́ńbà tó yọ: P2463, ìyẹn ni pé dúdú ti kún inú fíltà jù. Kọ́kọ́rọ́ ní ṣíṣí láì sítáàtì: 0. Sítáàtì láì tẹ nǹkan: 3.1 kPa. Nígbà tó tẹ tọ́tù díẹ̀, ó fò kọjá 15. Omi ẹ́ńjìnì: 58. Mo ti wà á láti ilé dé ibẹ̀, ó sì tún dúró sítáàtì bí ogún ìṣẹ́jú kí ó tó kà á.

Ọ́ìlì tí mò ń lò, èyí tí gbogbo èèyàn ń rà ní géréèjì ni, nínú ike ńlá. CF-4 ni wọ́n kọ sí i lára.

Rìwáyà_Sábó · 1:55 ọ̀sán

58 kẹ̀?

Bọ̀ọ̀dá, ta ló yọ tàmósítáàtì ọkọ̀ yín, ìlẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí omi lọ sí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná?

Ọmọ_Ìbòdì · 2:10 ọ̀sán

Kí ni tàmósítáàtì ti ṣe nínú ọ̀rọ̀ sàlẹ́ńsà? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe mẹkáníìkì mi. Ó ní òun yọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí mo ra ọkọ̀, pé ilẹ̀ wa gbóná, pé gbogbo tòkúnbọ̀ lòun máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún kó má baà jó gáskẹ́ẹ̀tì. Ó ní ẹ̀bùn ni, òun kò tiẹ̀ gba owó iṣẹ́.

Bàbá_Tírélà · 2:24 ọ̀sán

Ẹ̀bùn!

Ẹ má dá a lẹ́bi púpọ̀. Èmi náà ti yọ ọ́ rí, ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ ni a yọ ọ́ lára rẹ̀. Nígbà tí tàmósítáàtì bá gan pa sí ibi tó ti dé, tí omi kò rí ọ̀nà, ọkọ̀ á hó lójú ọ̀nà, orí ẹ́ńjìnì á tẹ̀. Ẹni tí ìyẹn bá ti ṣe lẹ́ẹ̀kan ní ìdájí nínú igbó Ọ̀wẹnà, kò tún ní fẹ́ rí tàmósítáàtì mọ́ láyé. Ọkọ̀ ayé ìgbà náà kò sì bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni. Tútù ni, gbígbóná ni, ó ń lọ.

Rìwáyà_Sábó · 2:51 ọ̀sán

Bàbá ti fi gbogbo ẹ̀ hàn wá. Ọkọ̀ ìsinsìnyí ń bèèrè. Kí kọ̀ǹpútà tó jó fíltà, á kọ́kọ́ wo bí omi ṣe gbóná tó. Bí omi bá tutù, á ní ẹ́ńjìnì kò tíì múra, òun kò ní tú epo sínú òtútù. 4HK1 yẹn, tàmósítáàtì méjì ló ń lò, ọ̀kan ń ṣí ní 82, èkejì ní 85. Ibi tí wọ́n fẹ́ kó wà nìyẹn. Tiyín wà ní 58, omi ń já gba rédíétọ̀ láti ìṣẹ́jú tí ẹ ti sítáàtì, bí ìgbà téèyàn ń dáná ọbẹ̀ tó sì ń bu omi tútù sí i.

Nígbà tí ẹrù bá wúwo tí òkè sì ga, omi á gbóná díẹ̀, kọ̀ǹpútà á ní ó yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú epo. Ẹ bá sọ̀kalẹ̀ lódì kejì òkè, omi á tutù, á dá dúró. Epo ti wọ ọ́ìlì, dúdú kò jó. Lórí ìyẹn, ẹ́ńjìnì tó tutù kì í jó epo tán, nítorí náà dúdú tó ń yọ tún ń pọ̀ sí i. Oṣù mẹ́jọ lẹ ti wà lẹ́nu èyí.

Àmù tí ẹ ń fi ṣe yangàn lánàá ni àìsàn náà gan-an.

Ọmọ_Ìbòdì · 2:58 ọ̀sán

Mo ti jókòó sílẹ̀.

Wẹ́dà_Lágéré · 3:15 ọ̀sán

Ó dáa, mo gbà pé tàmósítáàtì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n 3.1 ti dí náà ni, tàmósítáàtì tuntun kò ní ṣí i fúnra rẹ̀.

Kí n má purọ́, ọkọ̀ kan padà wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí mo gé tirẹ̀. Ọ́ìlì rẹ̀ ti kún dé ibi tí n kò rí irú rẹ̀ rí, ẹ́ńjìnì ń kan bí ẹni ń lu agogo. A ní ọ́ìlì burúkú ni onítọ̀hún rà. Ohun tí Rìwáyà ń sọ láti àná ti ń jẹ́ kí n máa ronú sí ọkọ̀ yẹn.

Màmá_Kòkó · 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ń ra kòkó ní Iléṣà, mo ní lọ́rì méjì, ọ̀kan ní bọ́tìnì DPD tí a ń tẹ̀ lórí ìdúró kí ọkọ̀ fi jó fíltà rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé wọn yóò sọ fún ọmọ yìí kó tẹ bọ́tìnì kó fi jó o mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí yóò ti ṣe é ni mo fẹ́ sọ.

Dẹ́rẹ́bà mi tẹ tirẹ̀ nínú ọgbà mi, lórí koríko gbígbẹ, nítòsí ibi tí a sá kòkó sí. Ìdí sàlẹ́ńsà pọ́n, koríko gbiná. A fi omi àti yanrìn pa á, Ọlọ́run bá wa ṣe é. Ohun tó dùn mí jù ni kòkó. Kòkó ń fa òórùn mọ́ra bí òwú ti ń fa omi. Ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò ní òórùn èéfín wà lára rẹ̀, ó gé owó mi. Ní ìta gbangba ni kí o ti ṣe é, lórí ilẹ̀ pupa tàbí sìmẹ́ńtì, kí ẹnu sàlẹ́ńsà má kọjú sí ọmọ, ẹran tàbí ẹrù ẹnikẹ́ni.

Ọmọ_Ìbòdì · 4:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé, Màmá mi. Mo ti gbọ́. Kò ní í ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀gbọ́n Rìwáyà, ṣé kí n ra tàmósítáàtì, kí n fi í, kí n tẹ bọ́tìnì, ó parí?

Rìwáyà_Sábó · 5:30 ìrọ̀lẹ́

Rárá o. Ọ́ìlì ni ẹ ó kọ́kọ́ dà nù, nítorí jíjó fíltà á tún fi epo díẹ̀ kún un, a kò sì fẹ́ kó kún ju bó ṣe wà lọ. Lẹ́yìn náà tàmósítáàtì, méjèèjì, pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ wò ó kó jẹ́ ojúlówó. Ẹ lè dá a wò nínú ìkòkò omi gbígbóná lórí sítóòfù kí ẹ tó fi í, ẹ ó fi ojú ara yín rí i bó ṣe ń ṣí.

Bí ẹ bá ti ń ṣí ibẹ̀, ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀sì láti tọ́bò tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì dé íntàkúlà tó ń mú afẹ́fẹ́ náà tutù. Ibi tó bá ti rọ̀ tí ọ́ìlì sì dúdú lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí kò tó ń sọ epo di dúdú. Kí epo inú táǹkì má sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ní ti bọ́tìnì, 3.1 ti pọ̀. Bóyá ọkọ̀ á gbà, bóyá kò ní gbà. Bí kò bá gbà, ẹ gbé e bọ̀ ní Sábó, a ó fi sikánà pàṣẹ fún un. Ẹ rọra wà á bọ̀, láìsí ẹrù.

Àjò_Jámánì · 7:45 alẹ́

CF-4 yẹn dùn mí. Ẹ fetí sí mi dáadáa: dúdú ń jó, eérú kì í jó. Ẹni tó bá ti fi igi dáná mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń di eérú nígbà tí ọ́ìlì bá jó díẹ̀díẹ̀, inú fíltà ló sì ń sùn sí títí ayé. Nígbà tí wọ́n ń múra fún àwọn ọkọ̀ tó ní fíltà yìí ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe CJ-4 ní 2006, CK-4 sì dé ní 2016. Wọ́n dín eérú inú wọn kù. CF-4 ti wà ṣáájú kí fíltà tó dé. Ẹ wo ẹ̀yìn ike, ẹ má wo àwòrán iwájú.

Bí ẹ bá jó o tán tí kò wálẹ̀ tó, ẹ ó yọ ọ́ fọ̀. Ní gáréèjì wa, ẹ̀rọ ooru la ń gbé e sí fún ọ̀pọ̀ wákàtí, lẹ́yìn náà a fẹ́ afẹ́fẹ́ gbà á lódìkejì. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ mọ́tò kí wọ́n fi omi alágbára bù ú. Omi tó bá bà á nígbà tó ṣì gbóná á là á bí ìkòkò amọ̀.

Ọ̀dọ́_Òṣú · Ọjọ́rú, 9:10 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọ̀ ọ́. Pikọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì ni tèmi, P2463 kan náà ló yọ. Mo ti ń múra láti lọ ra tàmósítáàtì, àmọ́ omi mi wà ní 88. Láì sítáàtì, sẹ́ńsọ̀ ka 4.

Rìwáyà_Sábó · 9:26 àárọ̀

Àìsàn tiyín yàtọ̀, ẹ má ra tàmósítáàtì. Ẹ́ńjìnì kú, kò sí èéfín, sẹ́ńsọ̀ ń ka 4: ó ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Fíltà yín lè mọ́ bí ojú abẹ̀bẹ̀ Ọ̀ṣun. Họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló lọ láti fíltà sí sẹ́ńsọ̀. Ẹ yọ wọ́n kúrò lára sẹ́ńsọ̀ kí ẹ tó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó fọ́ sẹ́ńsọ̀. Bí họ́ọ̀sì bá ti yọ́ tàbí ó ti là, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá dáa tí 4 ṣì ń bẹ níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀.

Ọmọ_Ìbòdì · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:40 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ ròyìn bó ṣe lọ.

Tàmósítáàtì: mo wá a ní Iléṣà títí, Ìbàdàn ni mo ti rí i. Mo sè wọ́n nínú ìkòkò ìyàwó mi, inú rẹ̀ kò dùn sí i, ṣùgbọ́n òun náà dúró wò ó. Wọ́n ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí Ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Ọ́ìlì tí a dà jáde ń ṣàn bí omi, òórùn rẹ̀ kún inú ọgbà. CK-4 ni mo dà sí i. Ó wọ́n, n kò ní parọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni mo rọra wà á lọ sí Ifẹ̀. Kí n tó kọjá Òṣú, géèjì ti gòkè dé àárín, àyà mi já! Oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń rí i nísàlẹ̀, mo ti fẹ́ pa ọkọ̀. Mo pe Ẹ̀gbọ́n Rìwáyà, ó rẹ́rìn-ín mi títí. 84 ni sikánà kà nígbà tí mo dé Sábó.

A tẹ bọ́tìnì, kò gbà. Ó fi sikánà pàṣẹ fún un. A gbé ọkọ̀ sí orí ilẹ̀ lásán, Màmá mi, kò sí koríko níbẹ̀. Ẹ́ńjìnì gbé ohùn sókè fúnra rẹ̀, èéfín funfun jáde, lẹ́yìn náà kò sí èéfín mọ́, ooru nìkan. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kó tó sọ̀kalẹ̀. A kà á: 1.3. Mo fò sókè, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n kò fò. Ó ní èyí tó kù, eérú ni.

Rìwáyà_Sábó · 9:02 alẹ́

Ẹ sọ ìyókù, ẹni tó parí iṣẹ́ náà wà lórí ìlà.

Ọmọ_Ìbòdì · 9:15 alẹ́

Ọ̀gá Wẹ́dà wa ni! Ọkọ̀ tó tutù tán, àwa mẹ́ta yọ fíltà náà. Ó tú bóòtù tó ti dípẹtà láì ṣẹ́ ẹyọ kan, ó fi páànù ṣe ohun kan bí àrọ tó bo ẹ̀yìn fíltà, a so ó mọ́ kọ́ńpírẹ́sọ̀ fọkanáísà, a ń fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn wá síwájú. A fi aṣọ bo imú. Eérú tó jáde kún agolo mílíìkì kan àbọ̀, àwọ̀ rẹ̀ bí eérú ààrò, kò dúdú rárá. A dá a padà: 0.6.

Àná mo gbé àádọ́ta àpò náà gun Ẹ̀rìn. Jíà kẹta ló fi gùn ún.

Wẹ́dà_Lágéré · 9:31 alẹ́

Ògún kò ní jẹ́ kí irin kọ̀ wá. Mo ti pa àrọ yẹn mọ́. Owó tí mo gbà lórí fífẹ́ kò kéré sí ti gígé, kí àwọn wẹ́dà yòókù gbọ́.

Bàbá_Tírélà · 9:40 alẹ́

Ọ́ìlì tuntun yẹn, tún fa ọ̀pá rẹ̀ yọ lọ́la. Epo tó tú sí i nígbà tí ẹ ń jó o ṣì wà níbẹ̀.

Ọmọ_Ìbòdì · 9:44 alẹ́

Mo ti fà á yọ, Bàbá. Ó gòkè díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ní kí n tètè pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìrìnàjò méjì.

Ọ̀dọ́_Òṣú · 9:58 alẹ́

Họ́ọ̀sì ẹ̀yìn tèmi ti yọ́ lẹ̀ mọ́ sàlẹ́ńsà, ó sì ti ba sẹ́ńsọ̀ jẹ́. Mo pààrọ̀ méjèèjì, iná kú. Ẹ ṣé o.

Màmá_Kòkó · 10:06 alẹ́

Ẹni tó fẹ́ ra inú fíltà ní 120,000 ńkọ́?

Ọmọ_Ìbòdì · 10:11 alẹ́

Ó pè mí ní ìrọ̀lẹ́ yìí, Màmá mi. Ó ti di 150,000. Mo ní kó lọ bá mẹkáníìkì mi, tàmósítáàtì àtijọ́ mi méjèèjì ṣì wà nínú àpótí rẹ̀.